Àwòdì Apá Òsì

"Má tíì bẹ̀rẹ̀, Yọ̀mí. Dúró dè mí."

Ohun tí Akíntóyè sọ kẹ́yìn nìyẹn kó tó wọkọ̀ Oǹdó lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń gbé e bọ̀ dojú dé lọ́nà. Òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé wọ Àkúrẹ́.

Sáìnbọ́ọ̀dù ni Akíntóyè ń kọ ní Arakale, láàárín ìlú Àkúrẹ́, Yọ̀mí sì ni ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ Oǹdó ni ọ̀gá, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Á máa fa lẹ́tà, á máa bú oníbàárà, á máa bú Yọ̀mí. Ọwọ́ rẹ̀ kì í sì gbọ̀n.

Màdámù Ọmọ́wùnmí, olùkọ́ kan ní yunifásítì, ló gbé iṣẹ́ wá pé kí wọ́n kọ INAUGURATION gàdàgbà. Akíntóyè ní kí ló mú un gùn tó báyìí, ṣé ìbẹ̀rẹ̀ lásán kò tó ni. Màdámù rẹ́rìn-ín. Ó ní ìbẹ̀rẹ̀ náà ni, àmọ́ ti ohun ńlá. Ó ní ọ̀dọ̀ àwọn ará Róòmù àtijọ́ ló ti ṣẹ̀ wá. Àwọn àgbà wọn kan máa ń wo bí ẹyẹ ṣe ń fò kí wọ́n tó dáwọ́ lé nǹkan.

Láti ìgbà náà, Akíntóyè kì í ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà kó má kọ́kọ́ wòkè. Àwàdà ni, títí tó fi di òótọ́.

Ọjọ́ fíríídọ́ọ̀mù Yọ̀mí, wọ́n ti to àga. Ìyá rẹ̀ ti dé láti Ipogun. Bí ọ̀gá ṣe fẹ́ gbọ́wọ́ lé Yọ̀mí lórí láti gbàdúrà ni àwòdì kan gba apá òsì kọjá. Ọ̀gá sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó ní a kì í fọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, kí ẹyẹ má fòsì júwe ọ̀nà fún ọmọ iṣẹ́ òun. Ó sún àdúrà di Sátidé mìíràn. Ìyá Yọ̀mí bi í bóyá ẹyẹ ló kọ́ ọmọ òun níṣẹ́. Ọ̀gá ní kí ìyá jẹ ìrẹsì rẹ̀.

Kí Sátidé náà tó pé ni ọ̀gá kú. Níbi ìsìnkú, Baba Ọlágúnjú, alága ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ sáìnbọ́ọ̀dù, sọ ọ́ gbangba pé ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ kò gbàdúrà fún kò gbọdọ̀ dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Kí Yọ̀mí lọ wá ọ̀gá mìíràn sìn, láti ìbẹ̀rẹ̀.

Màdámù wá síbẹ̀ náà. Yọ̀mí bi í kí ló dé tí àwọn ará Róòmù fi ń sá fún òsì. Obìnrin náà wolẹ̀.

"Èmi ò dárúkọ òsì fún ọ̀gá rẹ. Lọ́dọ̀ tiwọn, apá òsì ni ire ti ń wá."

Yọ̀mí kò sunkún. Ó padà sí Arakale, ó ṣílẹ̀kùn, ó bu kẹrosíìnì sínú agolo. Ọ̀dà ti gan mọ́ búrọ́ọ̀ṣì ọ̀gá. Ó jókòó, ó ń fọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.