Ìkúnlẹ̀ Kejì

Mo rántí ìgbà tí ìyàwó àbúrò ọkọ mi máa ń kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí a bá ti dé ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ wa ní Ifọ̀, á kúnlẹ̀, á dìde, á sún mọ́ ìyá, á tún kúnlẹ̀, á sì sọ ohun kan sí wọn létí. Ìyá á rẹ́rìn-ín, wọ́n á fọwọ́ pa á lórí. Èmi ìyàwó àkọ́bí, tí mo ti wà nílé kí wọ́n tó fẹ́ ẹ, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni mo máa ń dúró sí, tí n óò tẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣa abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Orúnkún mi méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀. Mo sanra, mo ń jókòó ránṣọ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní àdúgbò Lotto, bí mo bá sì kúnlẹ̀, ènìyàn méjì ni yóò fà mí dìde. N kò sọ fún ìyá. Ojú ń tì mí, n kò fẹ́ kí wọ́n ní aláìsàn ni ọmọ àwọn fẹ́. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo mọ òwe náà dáadáa, mo sì dákẹ́.

Mo jowú ọmọbìnrin náà débi pé bó bá kí mi, "Àǹtí, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta mà," ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni n óò kọ́kọ́ wò kí n tó dáhùn. Ìkúnlẹ̀ kejì yẹn ló dùn mí jù. Mo ní èmi ló fi ń ṣe yẹ̀yẹ́: bí ìyálé kò bá lè kúnlẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan, òun á kúnlẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì.

Nọ́ọ̀sì tó ń wò mí ló ní kí n dín ara kù, pé kẹ̀kẹ́ ológeere kò ní ni orúnkún lára bí ìrìn. Mo ra àlòkù kan. Ká sòótọ́, owú ló gbé mi gorí rẹ̀, kì í ṣe ìlera. Ní ìdájí, n óò wọ ṣòkòtò ọkọ mi, n óò ró ìró lé e, n óò forí lé ọ̀nà Ọ̀fàdà. Ọlọ́kadà kan pariwo lọ́jọ́ kan: "Mọ́mì, ẹ sọ̀ kalẹ̀ o, kẹ̀kẹ́ yẹn ń bẹ̀ yín!" Mo sọ̀ lóòótọ́, mo sunkún lábẹ́ igi kan, mo rántí ìkúnlẹ̀ kejì, mo tún gun kẹ̀kẹ́ mi. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kí ọdún tó yí po, mo ti ń fún àwọn aṣọ mi tó ti tóbi jù mí lọ, mo sì ti ń kúnlẹ̀ nínú yàrá, èmi nìkan.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ yan Sátidé tí òun náà máa wà ní Ifọ̀, kó lè rí mi. Mo ṣíwájú rẹ̀ wọlé, mo sì fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ gbì lórí sìmẹ́ǹtì.

"Ha! Dìde, dìde!" Ìyá figbe ta. "Àbí orúnkún náà ti san ni?"

Ẹnu yà mí. "Ìyá, ẹ mọ̀?"

"Ìyàwó kékeré ti sọ fún mi tipẹ́. Ó ní òun rí ọ níbi tó o ti ń fẹ̀yìn sọ̀ lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé o kì í rí i tó ń kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ni? Ọ̀kan tara rẹ̀, ọ̀kan tìrẹ. 'Ti Àǹtí nìyí mà,' bó ṣe máa ń sọ fún mi nìyẹn."

N kò lè dìde, kì í sì í ṣe tìtorí orúnkún. Ìyàwó kékeré ti sáré wọlé wá di apá mi mú. "Àǹtí, ẹ rọra o." N kò lè wo ojú rẹ̀.

Mo ṣì ń gun kẹ̀kẹ́ náà títí dòní. N kò ní parọ́, owú mi kò tán: inú rere tó ní yẹn ni mo ń jowú báyìí, kò sì sí bí mo ṣe lè fi kẹ̀kẹ́ lé e bá. Ó ti lóyún, oyún náà ti wọ oṣù, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ti wú. Nígbà tí a lọ sí Ifọ̀ kẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló dúró sí, níbi tí èmi máa ń dúró sí. Mo kúnlẹ̀ kí ìyá. Mo di àga mú, mo dìde, mo sún mọ́ wọn, mo sì tún kúnlẹ̀.