Olùkọ́ Tó Ń Kí Bàbá Káfíńtà

Bàbá Káfíńtà pé ẹni àádọ́rin ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọkọ̀ ojú omi wíwà. Ìdíje ọkọ̀ wíwà ti àwọn àgbà ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àjẹ̀ rẹ̀ ṣì ń ta omi káàkiri, ara rẹ̀ kò sì balẹ̀ bó ṣe jókòó sinmi lórí bẹ́ǹṣì etí odò. Olùkọ́ rẹ̀ a máa jágbe mọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n jọ ń kọ́ ọ, ṣùgbọ́n bó bá kan bàbá, á ní, “Ẹ kú iṣẹ́, sà.”

Bàbá bi í lọ́jọ́ kan pé, “Ṣé ìkíni ni mo wá gbà? Nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, tí mo bá gé pákó wọ́, ṣé ọ̀gá mi máa ń kí mi ni?”

Olùkọ́ dorí kodò. “Ẹ má bínú, bàbá. Ẹsẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi tì, ṣùgbọ́n apá nìkan lẹ fi ń fa àjẹ̀. Ó burú jáì!”

“Ẹ̀hẹ́n! O ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ ni.”

Bàbá dìde, ó gbé àjẹ̀, ó tún kọrí sódò.