Pépà Ara Ààrò Ìyá Oníbúrẹ́dì

Mo ń fi àkísà àti kẹrosíìnì nu ọ̀rá tó gan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ààrò búrẹ́dì kan nígbà tí Ìyá Oníbúrẹ́dì dé láti Ìjànìkin, ó wá sanwó rẹ̀. Ilẹ̀ kan ṣoṣo tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ló tà kí ó lè ra ààrò náà.

Ohun èlò ilé ìdáná tòkunbọ̀ láti Jámánì là ń tà ní ṣọ́ọ̀bù Alhaji, ọ̀gá mi, ní Alábà. Iṣẹ́ mi ni kí n nù wọ́n kí wọ́n máa dán. Alhaji ní òfin kan: kí oníbàárà tó rí ọjà, mo gbọ́dọ̀ ti ṣí gbogbo pépà tí àwọn òyìnbó lẹ̀ mọ́ ọn kúrò. Ó ní ìdọ̀tí ni wọ́n. Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n òfin yẹn kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ rí. Kí ló dé tí ẹni tó ń tajà kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ohun tó wà lára rẹ̀?

Bàbá kan tó ń tún fíríìjì ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tó ti gbé Jámánì rí, ló kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ owó wọn.

"Ṣe bí ẹni ń ra àgbò ní Alábà Rágò," ló wí. "Bí o bá rí bezahlt, owó ti pé, okùn ti wà lọ́wọ́ rẹ. Angezahlt, díẹ̀ lo ṣì san sílẹ̀, okùn wà lọ́wọ́ ẹlẹ́ran."

"Kaution ńkọ́, sà?"

"Ìyẹn lowó tí o fi sílẹ̀ nítorí okùn tí o yá. Dá okùn padà, kí o gbowó rẹ. Àwọn ará ibí á rí zahlt níparí ọ̀rọ̀, wọ́n á ní owó ti pé. Ìwọ, máa ka iwájú rẹ̀."

Lọ́jọ́ yẹn, pépà pupa rúsúrúsú kan yọ lábẹ́ ọ̀rá. Angezahlt. Orúkọ ẹnì kan tí n kò mọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Alhaji sì ti ń ka nọ́ńbà àkáǹtì fún Ìyá Oníbúrẹ́dì, ó ń yára bí ẹni tí wọ́n ń lé.

"Mummy, ẹ dúró ná," ni mo wí.

Alhaji kọjú sí mi. "Ìyá Bọ́lá, kí ló dé? Ṣé kẹrosíìnì ti ń pa ọ́ ni?"

"Ẹ bá mi pe Láídé, sà." Láídé ni àbúrò rẹ̀ tó ń bá a ra ọjà ní Jámánì. "Ẹnì kan ti san díẹ̀ sílẹ̀ lórí ààrò yìí. Orúkọ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe tiyín."

Ìyá Oníbúrẹ́dì fa fóònù rẹ̀ mọ́ àyà. "Háà, Alhaji! Ṣé kí oní-nǹkan wá fọlọ́pàá gbé e nígbà tí búrẹ́dì mi ṣì wà nínú ẹ̀ lẹ fẹ́?"

Alhaji pe Láídé, ó fi fóònù sí sípíkà. "Ṣé o san owó ààrò yẹn tán?"

"Mo san án tán, bọ̀ọ̀dá."

Mo tẹ̀ síwájú. "Bezahlt ni àbí angezahlt?"

"Ta nìyẹn?" ni Láídé béèrè. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ kọ́kọ́ tà á ná. Màá bá ẹni tó ni ín sọ̀rọ̀."

"Owó tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ ńkọ́?"

Láídé gé fóònù.

Ojú Alhaji ni mo ń wò látìgbà tó ti ń pe Láídé, torí òun gan-an ni mo fura sí. Ojú ẹni tí wọ́n jà lólè ni mo rí. Ìyá Oníbúrẹ́dì lọ pẹ̀lú owó rẹ̀ lódindi. Alhaji dúró láàrin àwọn ọjà tí mi ò tíì nù, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ìyá Bọ́lá," ló wí, "má ṣí pépà kankan kúrò mọ́ kí n tó rí i."