Ohun Tí Mo Rí Lẹ́yìn Pátákó Ẹ́ríà

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí a jọ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ẹni tí ẹsẹ̀ bá ń dùn, kó nà án. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ti ìdúró. Títí di òní, bí òórùn ọ̀dà titun bá pàdé èéfín jẹnẹrétọ̀ nímú mi, Útàkò ní Àbújá ni ọkàn mi máa ń lọ, sínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, lọ́jọ́ Ìsinmi tí obìnrin kan dìde láti dúpẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí a ṣe ń jókòó níbẹ̀. Àwa àgbà ìjọ kì í bá àwọn èèyàn jókòó nísàlẹ̀. Orí pèpéle la máa ń wà, lẹ́yìn ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn oníwàásù là ń wò láti àárọ̀ títí ìsìn á fi túká. Mo mọ ojú àbùlẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀wù àlùfáà wa ju bí ìyàwó rẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ibi ìjókòó yẹn ni gbogbo wàhálà yìí ti wá.

Ìṣojú wa ni obìnrin náà ti dàgbà ní Àbújá. Ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ ló kọ́, ó sì níṣẹ́ gidi ní báńkì kó tó fi í sílẹ̀ nítorí ohun kan ṣoṣo. Ìyá rẹ̀ ń dáko ní Àbájì, rédíò ìyá náà kì í sì gbé ìròyìn Yorùbá tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá. Híhó ló máa ń hó ṣáá bí epo gbígbóná. Ni ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ́ríà fún un. Kì í ṣe ọ̀pá gbọọrọ tí à ń fà yọ lórí rédíò o. Pátákó pẹlẹbẹ kan ni, tí wọ́n tẹ bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ lójú bí ẹni tẹ òǹtẹ̀ sórí ìwé. Lẹ́yìn pátákó náà, ahọ́n bàbà kan wà tó ń rìn síwá sẹ́yìn bí èèyàn bá ti ń yí kókó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ahọ́n náà bá ti ń gùn tàbí tó ń kúrú, bẹ́ẹ̀ ni rédíò á máa gbá ohùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mú.

Ó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà, ó sì dúró síwájú wa lórí pèpéle. “Ẹ bá mi yin Olúwa!” Ó na pátákó náà sókè, ó yí kókó rẹ̀, rédíò orí tábìlì tó ti ń hó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Yorùbá ketekete. Ìjọ hó yè. Èmi náà kígbe halelúyà, mo tiẹ̀ jó díẹ̀. Ojú pátákó ni gbogbo ìjọ ń wò. Àwa tó wà lẹ́yìn, ẹ̀yìn rẹ̀ là ń wò. Àgbà mẹ́ta la jókòó síbẹ̀. Ọ̀kan ń sùn. Ojú ìkejì ti ń ṣú láti ọjọ́ pípẹ́. Ìkẹta ni èmi, tó jẹ́ pé yíyẹ iṣẹ́ àwọn olùhùmọ̀ wò niṣẹ́ òòjọ́ mi. Mo wo ahọ́n náà bó ṣe ń rìn, ó yé mi débi pé mo lè délé kí n yà á.

Kò pẹ́ sígbà náà ni fáìlì kan dé orí tábìlì mi ní ọ́fíìsì. Obìnrin náà ń bèèrè fún pátẹ́ǹtì, ìyẹn ìwé àṣẹ pé ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ ṣe ohun tó hùmọ̀ láìgbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Ìgbà tí mo ka ìwé náà débi ahọ́n bàbà tó ń rìn lẹ́yìn pátákó, ọwọ́ mi dúró. Ohun téèyàn bá ti fi han gbogbo ayé kó tó gbé e wá sọ́dọ̀ wa, òfin ò kà á sí titun mọ́. “Gbogbo ayé” yìí kì í sì í ṣe èrò ọjà. Ẹnì kan péré tó rí i, tó yé, tí ẹnikẹ́ni ò sì bẹ̀ pé kó pa á mọ́, ti tó.

Ẹnì kan náà nìyí tó jókòó síwájú yín.

Mo lọ bá ọ̀gá mi, ará Kánò kan tó gbọ́ Yorùbá torí Ìlọrin ló ti kàwé. Ó rẹ́rìn-ín títí.

“Kai, Bàbá! Ẹ̀yin Yorùbá àti ìdúpẹ́! Ẹ ò lè jẹ́ kí ọbẹ̀ jinná kẹ́ ẹ tó dúpẹ́ oúnjẹ?” Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Iṣẹ́ tiwa ò ju ká wò ó bóyá ìwé pé lọ. Ìwé rẹ̀ pé. Ẹni tó bá gbà á ló ru ewu rẹ̀. Ẹ lu òǹtẹ̀ jàre. Ta ló máa mọ̀?”

Òótọ́ ló sọ, òótọ́ náà ò sì jẹ́ kí n sùn. Ilé iṣẹ́ kan ní Jábì, tó ń ṣe rédíò fún àwọn ará oko, ti ṣèlérí pé àwọn á ra ẹ́ríà náà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ìwé àṣẹ bá ti jáde. Mo mọ bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí. Ọjọ́ tó bá di ọjà gidi ni lọ́yà ẹni tó fẹ́ ṣe irú rẹ̀ á yọjú, táá bèèrè ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi í han èèyàn. Ìjọ á fi ayọ̀ jẹ́rìí pé níṣojú àwọn ni. Wọ́n á wá ké sí èmi náà, kí n búra. Bí ilé kan bá máa wó, ṣé kó wó nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì kó wọ̀ ọ́ ni, àbí ìgbà tí ọmọ bá ti ń sùn nínú rẹ̀?

Mo dá fáìlì náà padà fún ọ̀gá mi. Mo ní ẹlẹ́rìí ò lè ṣe adájọ́. Ó mi orí, ó ní kí n lọ sọ fún obìnrin náà fúnra mi, bójú mi bá gbà á.

Òórùn òjé yíyọ́ ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

“Dádì, ẹ káàbọ̀! Ṣé ó ti jáde?”

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí iṣẹ́ rẹ̀ wọ̀ọ̀.

“Ṣé ọpẹ́ tí mo dú ló wá di ẹ̀ṣẹ̀?”

“Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ọmọ mi. Ó yá jù ni.”

“Ta ló rí ẹ̀yìn rẹ̀? Ojú rẹ̀ ni mo kọ sí wọn!”

“Èmi ni.”

“Ẹ̀yin nìkan?”

“Èmi nìkan.”

“Dádì, ẹ ò lè gbàgbé ni? Àwọn àgbà máa ń gbàgbé nǹkan. Mọ́mì mi ń gbàgbé orúkọ mi.”

Lọ́jọ́ mìíràn, ǹ bá rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ yẹn, omi ló kún ojú mi. Mo wá bi í léèrè ohun tó wà nínú kókó tó máa ń yí. Ó ní irin kékeré eléyín bí ayùn ni, òun ló ń di ahọ́n mú kó má bàa yẹ̀ bí ọ̀kadà bá ń gbọn rédíò.

“Ìyẹn, mi ò rí i,” ni mo wí. “Kò sẹ́ni tó rí i.”

Ó yé e kí n tó sọ ọ́ tán. Ó fa ìwé ti àkọ́kọ́ padà, ó bèèrè àṣẹ lórí irin eléyín nìkan, ó sì rí i gbà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ mìíràn.

Ẹ wá gbọ́ bí ogún ṣe pín. Àwọn ará Jábì jogún ahọ́n bàbà lọ́fẹ̀ẹ́, torí kò sí àṣẹ kankan lórí rẹ̀ mọ́. Wọn ò padà wá sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́, ahọ́n tí kò ní eyín ni wọ́n ń ṣe. Àwọn ará oko jogún rédíò tó ń sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ ń yẹ̀. Obìnrin náà jogún irin kan tí kò tó èékánná, tí kò sì tíì sẹ́ni tó wá a wá. Ó ti lọ sí ìjọ mìíràn. Wọ́n ní kì í dìde dúpẹ́ níbẹ̀.

Èmi ni mo jogún pátákó náà. Ó fi í ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu: “Ẹ̀yin lẹ rí i, kó máa bá yín gbé.” Ó wà lára ògiri pálọ̀ mi, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo kọ sí ògiri. Mo ṣì gbà pé ohun tí mo ṣe tọ́. Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà ni pé èèyàn lè ṣe ohun tó tọ́, kí ó má sì lè wo ojú ẹni tó ṣe é fún.

Lónìí, bí ẹnikẹ́ni bá gbé nǹkan dání wá dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo máa ń di ojú mi pinpin lórí pèpéle níbẹ̀. Ìjọ rò pé àdúrà ni mò ń gbà.