Lẹ́tà Tí N Kò Kà

Mo rántí ìgbà tí mo máa ń fi àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Jámánì ṣe yẹ̀yẹ́ nínú apátímẹ́ǹtì wa ní Gulfton, ládùúgbò kan ní Houston. Ìwé ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé ni mo ń kọ nígbà náà, lórí bí ìfẹ́ ilẹ̀ baba ṣe fọ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Jámánì lójú nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́. Àwọn sójà wọn wọ ilẹ̀ onílẹ̀, wọ́n pa ará ìlú, àwọn ọ̀mọ̀wé ńláńlá sì fọwọ́ sí lẹ́tà pé irọ́ ni. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ ka lẹ́tà náà. Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń gbé, tó ń kọ́ kẹ́mísírì, máa ń sọ pé, “Guy, ìwé kì í kúkú wo òmùgọ̀ sàn.”

Ọdún yẹn ni àwọn sójà ilẹ̀ wa yìnbọn pa àbúrò rẹ̀ obìnrin ní abúlé wọn nílé. Ọmọ yẹn a máa kí mi lórí fóònù, “Bọ̀dá Houston” ló ń pè mí. Èmi ni mo jókòó ti ọ̀rẹ́ mi títí omijé fi gbẹ lójú rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, bí a ṣe kírun Jímọ̀ tán, alága ẹgbẹ́ àwa ọmọ ilẹ̀ wa ní Houston pè mí. Ilé wọn ni mo kọ́kọ́ dé sí nílùú yìí. Wọ́n ní àwọn òyìnbó ń ba orúkọ ilẹ̀ wa jẹ́, pé àwa ọ̀mọ̀wé fẹ́ fèsì. “Ọmọ mi, ṣé kí n fi orúkọ tìẹ sí i?”

“Ẹ fi sí i, sà.”

Ta ni yóò ní kí irú bàbá bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ mú ìwé wá kóun kà? Inú mi tilẹ̀ dùn, mo rò pé ìlú mi ni mo ń gbèjà.

Lẹ́tà jáde lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó ní irọ́ ni, sójà wa kò pa ẹnikẹ́ni, ó sì dárúkọ abúlé ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀rẹ́ mi gbé fóònù rẹ̀ síwájú mi.

“Ṣé o kà á?”

“Mi ò kà á. Alága ló ní—”

“O mọ ohùn àbúrò mi ṣáà.”

Mo bẹ alága kí wọ́n yọ orúkọ mi, wọ́n ní ó ti jáde. Ẹyin lohùn lóòótọ́. Ọ̀rẹ́ mi kó lọ sí Baytown lọ́sẹ̀ yẹn, títí dòní kò gbé ìpè mi.

Èmi náà ti ń kọ́ni báyìí. Tí a bá dé ibi tí àwọn Jámánì ti fọwọ́ sí lẹ́tà láì kà á, àwọn ọmọ kíláàsì a bú sẹ́rìn-ín. Mo máa ń dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán.