Ọjọ́ tí Wọ́n Rán Mi sí Olórí Àáró

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́, nítorí ó ṣì ń dùn mí.

Ọ̀rẹ́ mi ni olórí àáró wa ní Ògòtún. A ó jọ ro oko ẹnì kan lónìí, a ó ro ti ẹlòmíràn lọ́jọ́ mìíràn. Olórí ló ń mú poro àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ro kọjá rẹ̀. Nígbà tí orúnkún rẹ̀ ṣì le, eré la máa ń sá tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí, bó bá ro ebè mẹ́ta, á dúró mí. Àwọn géńdé á fara ti ọkọ́, wọ́n á dúró dè é. Oòrùn á mú, iṣẹ́ kò ní tán.

Ni wọ́n bá wá bá mi nílé. Ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ olùkọ́ ní Ìkẹ́rẹ́ ló gbẹnu sọ.

"Tíṣà, ẹ bá wa sọ fún bàbá kí wọ́n 'step down.' Báwa bá sọ ọ́, àfojúdi ni."

Èmi tí mo fi Gẹ̀ẹ́sì jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀: kí olórí fúnra rẹ̀ fipò sílẹ̀, láìsí pé wọ́n lé e. Lọ́dọ̀ wa sì rèé, ikú ló ń gba poro àkọ́kọ́ lọ́wọ́ olórí.

Lẹ́yìn ìrun àsárì ni mo bá a níbi tó ti ń pọ́n ọkọ́. Mo sọ ọ́.

"Step down kẹ̀? Èyí tí wọ́n ń sọ fún gómìnà nínú rédíò? Èmi gómìnà uṣu!" Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó wá wò mí. "Ta ló rán ọ?"

Mo fẹ́ kó lè fipò sílẹ̀ bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ló dá a rò. Mo ní, "Kò sẹ́ni tó rán mi."

"A jẹ́ pé ìwọ lo rò ó."



Ó fipò sílẹ̀ lóòótọ́. Ó ní òun fẹ́ sinmi, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tí àáró kan oko tirẹ̀, a gbé ọkọ́ dé ibẹ̀, a bá alágbàṣe méjì tó háyà lẹ́nu iṣẹ́. Ó kí àwọn géńdé, ó ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ó kọjú sí mi.

"Ẹ kú ìrìn o, sà."

Láti kékeré la ti jọ ń ṣeré. Kò kí mi bẹ́ẹ̀ rí.