Bẹ́ẹ̀dì Tó Wà Lórí Ẹ́ńjìnnì

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni a fi jiyàn lórí ẹ́ńjìnnì, àwa ọkùnrin mẹ́ta tí ìbàdí kò dun ẹnì kankan nínú wa. Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ọgbọ́n tí a ní.

Àlàájì Mùhyídéènì ló fẹ́ ra ọkọ̀. Ọmọ Ìlọrin ni, ó sì ti ń ta ìkòkò àti abọ́ tánganran ní ọjà Sókótó láti bí ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Èmi ni aládùúgbò rẹ̀ ní Gidan Igwai, Ọlábíyìí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tíṣà físíìsì tí ìjọba gbé wá síbí tí wọn ò rántí gbé padà mọ́. Ọdún méjì ni mo fi ju Àlàájì lọ, mi ò sì jẹ́ kó gbàgbé.

Àlàájì kì í ra nǹkan láì kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí wọ́n bá kó ìkòkò wá fún un, á gbé e sétí, á fi èékánná gbá a, á ní, "Èyí ti sán níbì kan." Kì í ṣì í. Ọjọ́ tí mo kó dé àdúgbò, ó gbá ògiri yàrá mi bẹ́ẹ̀, ó ní kí n má gbé ibùsùn mi síhà ibẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni mo gbé e sí. Òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, orí mi ló rọ̀ sí.

Ìyàwó rẹ̀, Bùsírátù, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Fathiat, ló mú un wá ọkọ̀ kiri. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ló yọ̀ ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, àtìgbà náà ni kò ti lè jókòó ju wákàtí kan lọ. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n fi òróró wọ́ ọ. Ó lè rìn, ó lè dùbúlẹ̀, ó lè bá ọkọ rẹ̀ jà, ìjókòó nìkan ni ìbàdí rẹ̀ kò gbà. Láti Sókótó dé Ìlọrin, ìjókòó ọjọ́ kan gbáko ni. Bàlúù náà, ìjókòó ni. Bẹ́ẹ̀ ni kò ṣe fojú kan ìyá rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Ìyá náà ti lé lọ́gọ́rin ọdún, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń béèrè lórí fóònù pé, "Bùsírátù, ìgbà wo lò ń bọ̀?" Ìyá Fathiat á ní, "Láìpẹ́, màmá." Àlàájì á sì dìde kúrò níbẹ̀.

Ìgbà náà ni Tanko, mẹkáníìkì kan lọ́nà Kalambaina, sọ fún un pé òun ní ọkọ̀ Kómbì àtijọ́ méjì tí àwọn òyìnbó kan fi sílẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù kékeré àti kọ́tìnnì. Ọkọ̀ téèyàn lè dùbúlẹ̀ nínú rẹ̀ títí dé Ìlọrin! Èmi àti Àlàájì sáré lọ wò ó.

Funfun ni ọ̀kan, àwọ̀ ewé ni èkejì. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì méjèèjì wà. Ti funfun ń mu bẹntiróòlù, kò ní rédíétọ̀, kì í lo omi rárá, atẹ́gùn ló ń tù ú. Ti aláwọ̀ ewé ń mu dísẹ́lì, omi ló sì ń tu òun.

Èmi ní ti dísẹ́lì ni kó rà. Mo já igi, mo ya àwòrán sórí iyanrìn. "Atẹ́gùn Sókótó nínú oṣù kẹrin, ṣé ìyẹn lẹ̀ ń pè ní atẹ́gùn? Ooru ni! Kí ni ooru fẹ́ tù?" Gbólóhùn yẹn dùn mọ́ mi débi pé mo tún un sọ.

Tanko kọ́ṣẹ́ ní Ìlọrin, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ó ní, "Wallahi, Màlámù, ọkọ̀ tí kò ní omi, omi rẹ̀ kò lè gbẹ lójú ọ̀nà. Ẹ gbéra lẹ́yìn àsùbáà, kí oòrùn tó mú, ẹ páàkì sábẹ́ dogoyárò, kí ẹ se tíì. Ọkọ̀ tó ní bẹ́ẹ̀dì, kí ló ń sáré fún?"

Àlàájì fi èékánná gbá ọkọ̀ méjèèjì, ó dẹtí, ó ní irin funfun ló dún jù, ṣùgbọ́n aláwọ̀ ewé ló ní agbára. A jiyàn nípa páàtì ọkọ̀ tí a lè rí rà ní Kọ̀ntàgọ́rà lójú ọ̀nà, a jiyàn nípa ilé epo ní Yáúrì. Níkẹyìn mo borí. Àlàájì ní kí Tanko gbé aláwọ̀ ewé wá sílé.

Nílé Àlàájì, obìnrin kì í lọ sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Bàbá rẹ̀ tó jẹ́ ààfáà ló ṣe òfin yẹn, kò sì sẹ́ni tó tún un yẹ̀ wò. Nítorí náà, Ìyá Fathiat kò tíì rí ọkọ̀ kankan nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí Tanko dé, ọkọ̀ méjèèjì ló kó wá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló wa funfun tẹ̀lé e. Inú bí mi. Mo ní ṣebí a ti parí ọ̀rọ̀.

Tanko ní, "Àlàájì, ta ni yóò dùbúlẹ̀ níbẹ̀?"

Àlàájì yíjú sílé, ó pe ìyàwó rẹ̀.

Ìyá Fathiat jáde, ó kí wa, ó fa híjáàbù rẹ̀ mọ́ra, ó sì dùbúlẹ̀ sínú aláwọ̀ ewé. Tanko tan ẹ́ńjìnnì. Ìgbà yẹn ni mo wá rí ohun tó yẹ kí tíṣà físíìsì ti rí lọ́jọ́ kìíní: orí ẹ́ńjìnnì gẹ́lẹ́ ni bẹ́ẹ̀dì náà wà. Dísẹ́lì gbọ̀n, bẹ́ẹ̀dì gbọ̀n, kọ́tìnnì gbọ̀n.

"Ẹ pa á! Bàbá Fathiat, ẹ ní kí wọ́n pa á!"

Àlàájì fúnra rẹ̀ ló dì í mú sọ̀ kalẹ̀. Omi ti kún ojú rẹ̀. "Bọ̀dá Tíṣà," ló pè mí, "ṣé ẹ̀yin lẹ yan èyí?" Ojú tì mí, kí n má parọ́.

Ó fẹ́ padà wọlé. Ó ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀ kí òun máa bá màmá òun sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Àlàájì ní, "Ẹ̀ẹ̀kan péré, Bùsírá." Mi ò gbọ́ kó pè é bẹ́ẹ̀ lójú èèyàn rí.

Ó dùbúlẹ̀ sínú funfun, Àlàájì jókòó tì í, èmi bọ́ síwájú. Ẹ́ńjìnnì náà pariwo díẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ̀n. Tanko gba ọ̀nà Kasarawa, ó kọjá ibẹ̀ dáadáa, kó tó ṣẹ́rí padà. Wákàtí kan lé díẹ̀ ti kọjá, mi ò gbọ́ igbe. Mo bojú wẹ̀yìn. Àlàájì fi ìka lé ètè. Obìnrin náà ti sùn lọ fọnfọn.

Nígbà tí a dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé, ó lajú, ó wo kọ́tìnnì. "Ṣé a ti dé Jẹ́bà ni?"

Ó wò wá títí tí ó fi rántí ibi tó wà. Ọjọ́ Túsìdeè ni, kì í ṣe Jímọ̀, síbẹ̀ ó na ọwọ́ gba fóònù ọkọ rẹ̀, ó sì pe Ìlọrin lórí ìdùbúlẹ̀.

"Màmá," ó ní, "ọjọ́ Sátidé ni mò ń bọ̀."